Àwòrán Fúnmi fún Kàlẹ́ńdà Ìlú

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ sì kú àfojúsọ́nà wa. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú yín láti òkèèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún mi kò fẹ́ kí n ṣe é ní tòótọ́ mọ́. Ṣadé, àbúrò mi, ìwọ tí o ń ka lẹ́tà yìí sétí Màmá, mo kí ọ, o kú ìtọ́jú wọn. Jọ̀wọ́, kà á díẹ̀díẹ̀, má fo ibì kankan, bí ó bá sì rẹ̀ wọ́n, jẹ́ kí wọ́n mu omi kí o tó máa bá a lọ. Mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Mo kí gbogbo ará àdúgbò tó ń wá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa nírọ̀lẹ́.

Màmá, ṣé ẹsẹ̀ yín ti fúyẹ́? Ṣé lẹ́yìn oúnjẹ lẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn àbí ṣáájú oúnjẹ? Ṣadé ní lẹ́yìn oúnjẹ ni, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Ṣé wọ́n ti tún àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé ṣe? Mo lálàá pé ẹ yọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí mo pe Ṣadé láàárọ̀, ó ní ẹ ń mu ẹ̀kọ lọ́wọ́, ẹ ò yọ̀ níbì kankan, kí n jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun sinmi. Owó oògùn àti ti ẹni tó ń bá yín fọṣọ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé dípò kí n pè yín ni ọ̀rọ̀ àwòrán Fúnmi, ọmọ mi. Ẹ ti bi mí lórí fóònù, ẹ sì ti rán Ṣadé sí mi. Ẹ ní àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà ọdún tó ń bọ̀, wọ́n sì ń dúró de àwòrán tuntun ti lọ́yà wa. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti bèèrè ni mo máa ń sọ pé ohùn yín ń já, pé fóònù kò gbọ́ràn. Ohùn yín kò já, Màmá. Ketekete ni mò ń gbọ́ yín. Mo wá rò ó pé kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀. Fúnmi ti ka lẹ́tà yìí kí n tó fi ránṣẹ́, ó sì gbà kí ìwé ìròyìn ìjọ wa níbí tẹ̀ ẹ́ jáde, nítorí pé àwọn òbí tí ọ̀rọ̀ wọn jọ tiwa pọ̀ nínú ìjọ náà, oníkálùkù ló sì ń dákẹ́.

Ara tèmi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Òtútù ti dé sílùú òyìnbó níbí. Kì í ṣe irú ọyẹ́ tí ẹ mọ̀, tó máa ń jẹ́ kí ètè gbẹ. Tibí máa ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. Mo ṣì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ kan ní Woolwich, lẹ́bàá odò, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé mọ́tò àti èèyàn sọdá láìgba owó. Iṣẹ́ òwúrọ̀ nìkan ni wọ́n ń fún mi báyìí nítorí ọjọ́ orí. Mo máa ń kí àwọn tó ń wọlé, mo máa ń wo káàdì ọrùn wọn. Bí mo bá parí, nígbà mìíràn màá wọ ọkọ̀ ojú omi náà lọ, màá sì wọ̀ ọ́ bọ̀, láìní nǹkan kan tí mo fẹ́ ṣe lọ́hùn-ún. Àárín gbùngbùn ni mo máa ń dúró sí, nítòsí ibi tí wọ́n kó àwọn ẹ̀wù tó ń gbé èèyàn léfòó sí. Ìyàwó yín ní bí mo bá bẹ̀rù odò tó bẹ́ẹ̀, kí ló ń gbé mi débẹ̀? Mi ò mọ bí màá ṣe ṣàlàyé fún un pé ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti máa ń wo ara wọn lójú díẹ̀, tí ẹnì kan lè sọ pé òtútù yìí pọ̀ o, kí èmi náà sì dáhùn. Nínú ilé tí à ń gbé ní Thamesmead, ẹni tó wà lókè wa, ìró bàtà rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Bí bàtà náà kò bá dún títí di ọ̀sán, màá máa rò ó bóyá kí n lọ kan ilẹ̀kùn.

Wọ́n ti wó púpọ̀ nínú àwọn ilé kọnkéré gàgàrà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún omi Southmere, wọ́n ń kọ́ tuntun sí i. Ilé tiwa ṣì dúró. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá rí ẹ̀rọ ìwólé wọn ni mo máa ń wò ó dáadáa bóyá ọ̀dọ̀ wa ló kọjú sí.

Màmá, Fúnmi kò ṣe iṣẹ́ lọ́yà mọ́.

Mo kọ gbólóhùn yẹn tán, mo dìde lọ wò ó bóyá mo pa iná gáàsì. Mo ti pa á.

Kò sẹ́ni tó lé e. Kò jalè, kò bá ẹnikẹ́ni jà, ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní lójoojúmọ́ tí òun bá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ọ́fíìsì, ńṣe ló dà bíi pé òun ń bá ẹlòmíràn lọ síbi iṣẹ́ onítọ̀hún. Láàárọ̀ báyìí, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní eré ṣíṣe. Nírọ̀lẹ́, òun fúnra rẹ̀ ń ṣeré pẹ̀lú ẹgbẹ́ kékeré kan ní Woolwich. Kì í ṣe eré inú tẹlifíṣọ̀n o. Kì í ṣe irú èyí tí Ṣadé máa ń wò títí ọbẹ̀ fi ń jóná. Eré orí ìtàgé ni, tí wọ́n ń ṣe lójúkojú, tí àwọn tó wá wò ó á sì jókòó nínú òkùnkùn láìsọ̀rọ̀.

Nígbà tí ìyàwó yín gbọ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ni, ó jókòó láìbọ́ kóòtù. Ó ní ṣé wọ́n ṣe ọmọ òun ni? Fúnmi ní, Mummy, kò sẹ́ni tó ṣe mí, mo kàn fẹ́ràn ẹ̀ ni. Ìyàwó yín ní ṣé ìfẹ́ ló máa san owó ilé? Fúnmi ní, mo ti kó padà sí yàrá mi, ìwọ ni landlord mi báyìí, má lé mi jáde o. Ìyàwó yín fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín gbà á lẹ́nu. Ẹ rántí pé ibí ni a bí Fúnmi sí, kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe àgbà ní ẹ̀yin. Ẹ̀yin gan-an náà ló ń pè ní ìwọ, ẹ sì máa ń rẹ́rìn-ín, ẹ máa ń ní kí a fi ọmọ yín sílẹ̀ kó máa sọ ọ́ bó ṣe mọ̀ ọ́n.

Èmi ní tèmi, mo dákẹ́. Ẹ mọ̀ pé tí ẹ̀rù bá bà mí, dídákẹ́ ni mo máa ń dákẹ́. Bàbá Lọ́yà ni wọ́n ń pè mí nínú ìjọ. Bí wọ́n bá bèèrè Fúnmi, màá ní ó wà dáadáa, ó gba ìsinmi díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ni. Mo ń ronú nípa yín. Mo ń ronú nípa kàlẹ́ńdà yẹn.

Mo rántí ọdún tó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Nínú àwòrán tí mo fi ránṣẹ́, ẹ̀wù ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ló wọ̀, kò dé nǹkan kan. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní lọ́yà wo ló ń rìn lórí òfìfo, ó ní kí atẹ̀wé fi kọ̀ǹpútà dé wíìgì funfun fún un. Wíìgì náà wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi fìlà ẹni tó ń ti ìdí ẹmu bọ̀. Síbẹ̀, ẹ gbé e kọ́ sí pálọ̀, lókè àga yín. Ọdún yẹn ti parí tipẹ́tipẹ́, ẹ ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́. Nísàlẹ̀ àwòrán náà, wọ́n kọ orúkọ mi gẹ́gẹ́ bíi bàbá rẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tí orúkọ mi wọ kàlẹ́ńdà ìlú wa nìyẹn.

Ó wá di ọjọ́ Sátidé kan tí òjò ń rọ̀. Ẹni tó yẹ kó bá Fúnmi ka ọ̀rọ̀ eré tuntun tí wọ́n fẹ́ ṣe kò lè wá, ló bá gbé ìwé náà wá bá mi nídìí tábìlì. Ó ní, Daddy, jọ̀ọ́, wá ṣe bàbá mi. Mo ní kí wá ni mo ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí? Ó ní bàbá inú eré ni, kò dáa tó ẹ. Mo lọ mú awò ojú mi.

Eré láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni. Ìlú kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ri pátákó ńlá kan mọ́ ẹnu ọ̀nà ìlú, tí wọ́n ń fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kọ orúkọ àwọn ọmọ ìlú tó ti rọ́wọ́ mú sí. Ọkùnrin kan wà tó ń ta àga àti ibùsùn. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló tóbi jù, orúkọ rẹ̀ sì ti wà lórí pátákó. Ohun tó ń retí ni pé kí wọ́n kọ orúkọ Kílárà, ọmọbìnrin rẹ̀, tẹ̀ lé tirẹ̀, nítorí pé Kílárà ti di ọ̀gá ní báńkì. Ṣùgbọ́n Kílárà fi báńkì sílẹ̀. Ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń bá àwọn èèyàn tún dùrù ṣe. Ẹ mọ dùrù, irú èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa àtijọ́, tí ohùn rẹ̀ máa ń yí padà bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀.

Mo wo Fúnmi lókè awò ojú mi. Mo bi í bóyá òun ló kọ eré náà. Ó ní rárá, ará Amẹ́ríkà kan ló kọ ọ́ kí wọ́n tó bí òun. Mo ní báwo ni ará Amẹ́ríkà ṣe gbọ́ nípa kàlẹ́ńdà ìlú wa?

A ń kà á lọ. Mo tilẹ̀ ń gbádùn rẹ̀, mo ń fa ohùn mi bíi ti ọlọ́rọ̀. A wá dé ibi tí bàbá náà ti lé ọmọ rẹ̀ jáde, tó sì ṣẹ́ èpè fún un. Mi ò ní kọ èpè náà síbí, nítorí etí yín ni Ṣadé máa kà á sí. Ó jẹ́ irú ọ̀rọ̀ tí bàbá kì í sọ sí ọ̀la ọmọ rẹ̀. Mo wúkọ́. Mo ní kí a tún un bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Nígbà tí a tún débẹ̀, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé: Máa lọ, ọmọ mi. Ibi tí o bá dé, wọn á tẹ́wọ́ gbà ọ́.

Fúnmi ń yẹ ìwé tirẹ̀ wò síwá sẹ́yìn. Ó ní, Daddy, kò sí níbí o. Mo ní mo mọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ burúkú ló yẹ kó o sọ, òun ló máa jẹ́ kí n sunkún. Mo ní kó kúkú máa sunkún rẹ̀ lọ, kò dìgbà tí mo bá sọ nǹkan kan. Ìyàwó yín yọ láti kíṣìnnì pẹ̀lú ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kí ni wọ́n ní kí ẹ sọ? Fúnmi bá kà á fún un. Hà! Ìyàwó yín na ìpọnbẹ̀ sí mi bíi pé èmi ni mo kọ ìwé náà. Ó ní, Bàbá Fúnmi, ẹ ò gbọdọ̀ dán an wò nínú ilé yìí. Ó ní kí Fúnmi lọ fi omi yọ ẹnu, nítorí òun náà ti kà á síta. Fúnmi ní eré ni, Mummy. Ìyàwó yín ní áńgẹ́lì tó ń ṣe àmín, ta ló sọ fún un pé eré ni?

Fúnmi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ká ìwé náà, ó lọ sí yàrá rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, èmi àti òun rìn lọ sí Lesnes, níbi tí àwókù ilé ìsìn àtijọ́ kan wà lórí òkè, tí ògiri rẹ̀ kò ga ju orúnkún lọ mọ́. Mo bi í pé ṣebí Amẹ́ríkà ni wọ́n ní oníkálùkù ti ń ṣe ohun tó wù ú? Kí ló wá kan ará ìlú nínú iṣẹ́ tí ọmọ ọlọ́mọ ń ṣe? Ó ní ìyẹn gan-an ló ń dá ìjà sílẹ̀ nínú eré wọn. Ó ní wọ́n ti sọ fún gbogbo èèyàn pé bó o bá ti ṣiṣẹ́, wàá là. Nítorí náà, ẹni tí kò bá là, tàbí tó yan nǹkan mìíràn, wọ́n á máa wò ó bí ọ̀lẹ, òun náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú wọn wo ara rẹ̀. Ó ní púpọ̀ nínú àwọn eré tí òun ti kà láti ilẹ̀ náà, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń gbé síwájú, wọ́n á kó gbogbo àdúgbò jọ yí i ká, wọ́n á wá máa wò ó bóyá yóò lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú ariwo. Òmíràn á sá lọ. Òmíràn á wó lulẹ̀. Ó ní èyí tó máa ń dun òun jù ni ẹni tí kò sá tí kò sì wó, tó kàn ń sọ fún àwọn èèyàn pé kò séwu títí tó fi darúgbó.

Mo jókòó lórí ògiri náà. Ó ní, Daddy, ẹnu rẹ kọ̀ láti sọ ọ̀rọ̀ bàbá yẹn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sunday gbogbo, mo ń gbọ́ bó o ṣe ń sọ fún wọn pé mo wà ní ìsinmi. Ìsinmi wo, Daddy? Tí mo bá kú báyìí, ṣé ìsinmi náà lo máa ní mo wà?

Mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mo bi í bóyá ìbọ̀sẹ̀ tó wọ̀ nípọn.

Ọjọ́ eré pé, ọ̀sán Sátidé. Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń da ìyàwó yín láàmú pé kí a tètè jáde, bọ́ọ̀sì lè bàjẹ́, afẹ́fẹ́ lè wó igi sọ́nà. A débẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn. Gbọ̀ngàn kékeré ni, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé bíríkì tí wọ́n ti ń ṣe ohun ìjà ogun láyé àtijọ́. Mo wo ibi tí ọ̀nà àbájáde wà, bí iná bá ṣẹ́ yọ. Mo wo òrùlé bóyá ó jò. Ìyàwó yín ní kí n jókòó, òun wá wo ọmọ òun ni, òun ò wá kú.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi. Bàbá Tómi ni, tí a jọ jẹ́ alàgbà nínú ìjọ, òun àti ìyàwó rẹ̀. Fúnmi ló pè wọ́n láìsọ fún mi. Ó fọwọ́ bà mí léjìká, ó ní, Bàbá Lọ́yà, ìsinmi yìí mà gùn o! Mo díbọ́n bíi pé mò ń wá tíkẹ́ẹ̀tì nínú àpò.

Fúnmi jáde nínú épírọ́ọ̀nù aláwọ̀ erùpẹ̀, irinṣẹ́ lápò. Màmá, mo ń wá ọmọ mi lójú rẹ̀, mi ò kọ́kọ́ rí i. Kílárà ni mo rí. Bó ṣe tẹ́ etí sí dùrù yẹn, tó tẹ ohùn kan, tó mi orí, tó yí irin díẹ̀, tó tún tẹ̀ ẹ́, ẹ máa rò pé iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti kékeré nìyẹn. Mo gbàgbé òrùlé. Mo gbàgbé Bàbá Tómi pàápàá.

Ọkùnrin òyìnbó tó ń ṣe bàbá náà ga, ohùn rẹ̀ sì nípọn. Nígbà tó dìde tó na ìka sí ọmọ mi, mo mọ ohun tó ń bọ̀. Mo di apá àga mú. Mo ń sọ fún ara mi pé eré ni, eré ni. Ó la ẹnu, ó sì sọ ọ́ pátápátá, kò dín ọ̀kan kù. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo kígbe pé, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ìyàwó yín ní, Láéláé! Láti ẹ̀yìn wa, Bàbá Tómi bú jáde pé, Kò ní rí bẹ́ẹ̀ lórúkọ Jésù! Ìyàwó rẹ̀ sì ń fi ọwọ́ yí orí ká, ó ń da ọ̀rọ̀ náà padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Gbogbo òyìnbó inú òkùnkùn yẹn yíjú sí wa.

Ọkùnrin náà ń wò wá. Fúnmi kò wò wá. Ó dúró síbẹ̀ bíi Kílárà, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n, mi ò lè sọ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. Lẹ́yìn náà, ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó rìn jáde bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé. Mo jókòó pẹ̀lú ìtìjú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí eré náà ṣe parí. Ọdún púpọ̀ ti kọjá, bàbá náà ti darúgbó. Wọ́n ti tún pátákó kùn, wọ́n sì ti fi orúkọ ẹni tó ń ta mọ́tò sí àyè tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀. Ó jókòó nínú ilé pẹ̀lú dùrù tí ohùn rẹ̀ ti bàjẹ́. Kílárà wọlé. Kò bá a jà. Ó ṣí dùrù, ó ń tún un ṣe lóhùn kọ̀ọ̀kan, ó wá ní kí bàbá òun tẹ́tí sílẹ̀, ṣé ó ti dáa? Bàbá náà ní kó tún un tẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n pa iná. Mo ń sunkún, Màmá. Ìyàwó yín fún mi ní áńkáṣífì rẹ̀ láìwò mí, nítorí òun náà ń lo igun kan lára rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde wá bá wa, èpè ni mo rò pé èmi gan-an máa gbà. Òyìnbó yẹn ló kọ́kọ́ bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó bèèrè ohun tí a ń sọ, Fúnmi sì ṣàlàyé fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń ṣe bàbá burúkú kiri, kò sẹ́ni tó gba ọmọ náà lọ́wọ́ òun rí. Fúnmi ní, Daddy, o ba eré mi jẹ́. Ó dì mọ́ mi bó ṣe ń sọ ọ́, kò sì tètè fi mí sílẹ̀. Bàbá Tómi ní, Bàbá Òṣèré, a kí yín o! Mo dáhùn, Màmá. Mo ní, ẹ ṣeun, ọmọ mi ni. Kò wà ní ìsinmi, iṣẹ́ rẹ̀ nìyí.

Nínú bọ́ọ̀sì tí à ń wọ̀ bọ̀, Fúnmi bi mí ibi tí mo ti rí ọ̀rọ̀ tí mo fi rọ́pò èpè ọjọ́sí. Mo ní mi ò mọ̀. Nígbà tí a dé ìdí Southmere, mo rántí. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún mi, ní gáréèjì, lọ́jọ́ tí mo ń kúrò nílé. Àwọn èèyàn ń pè mí ní ẹnjiníà kí n tó fi ẹsẹ̀ kúrò nílùú, tí wọ́n ń ka ohun tí màá rà bọ̀ fún mi. Ẹ̀yin kò pè mí ní nǹkan kan ju Àkànní lọ. Ẹ gbé báàgì mi lé mi lọ́wọ́, ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Mi ò di ẹnjiníà. Ẹnu ọ̀nà ni mo ṣọ́ títí orí mi fi funfun. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹ ò bi mí rí pé iṣẹ́ ẹnjiníà náà dà. Bí mo bá ti pè, ẹ máa ń bi mí bóyá mo ti jẹun ni.

Nítorí náà, mo ti fi àwòrán náà ránṣẹ́. Ó wà nínú àpò ìwé yìí, Ṣadé, gbé e fún Màmá kí wọ́n wò ó. Fúnmi rèé pẹ̀lú épírọ́ọ̀nù, ó tẹ́ etí sí dùrù. Ẹ sọ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ pé kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òṣèré orí ìtàgé ni, ọmọ Àkànní. Ẹ ní kò gbọdọ̀ dé wíìgì kankan fún un. Bí wọ́n bá ní kò sáyè fún irú rẹ̀ nínú kàlẹ́ńdà, ẹ má bá wọn jà, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Ẹ kàn gbé e kọ́ sí yàrá yín, níbi tí ojú yín á ti máa rí i bí ẹ bá jí. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, Màmá. Mò ń rò ó bóyá iṣẹ́ náà á bọ́ ọ, bóyá á rí ọkọ fẹ́, bóyá òrùlé gbọ̀ngàn yẹn dára ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ nínú àwòrán yìí, ẹ wò ó dáadáa.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn tí ẹ bá ti jẹun àárọ̀, màá pè yín, Fúnmi máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi í nípa kóòtù. Ẹ kí i lóríkì, ẹ pè é ní Àbẹ̀kẹ́ bí ẹ ṣe máa ń pè é. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ̀rọ̀ gáréèjì yẹn fún un. Mo ti sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n inú eré ni, ìwé sì wà lọ́wọ́ mi. Ẹnu yín ni mo fẹ́ kó ti gbọ́ ọ. Èmi àti ìyá rẹ̀ á ṣe àmín, kí áńgẹ́lì náà lè gbọ́ tiwa pẹ̀lú.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹsẹ̀ yín á mókun, oorun yín á dùn, ẹ ò ní yọ̀ lórí àtẹ̀gùn kankan, ti ẹ̀yìnkùlé tàbí ti ojú àlá. Ìyàwó yín kúnlẹ̀ kí yín. Fúnmi ní kí n sọ fún ìwọ Grandma pé òun ń bọ̀ wá ṣeré fún ẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, lókè àti nísàlẹ̀, àti ẹni tó bá bèèrè mi.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ kò bi léèrè,
Àkànní